Ọgbẹ́ ìbọn àti ọgbẹ́ bọ́ǹbù lára àwọn ọmọ ogun wa ní Borno

Láti ọdún 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, ohun méjì ló ń ṣe àwọn ọmọ ogun wa léṣe ṣáá: ọta ìbọn, àti bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà.

Ọta máa ń gba ojú kan wọlé. Dókítà lè tọ ipa rẹ̀, kó mọ ibi tó bà jẹ́. Bó bá ba orí tàbí àyà, ikú kì í jìnnà. Ìdí nìyẹn tí akoto irin àti ẹ̀wù agbọta fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà kò bo apá àti ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ ń bọ́ sí.

Bọ́ǹbù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè pàdánù ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iná á jó o, àfọ́kù irin á gún un káàkiri. Erùpẹ̀ àti aṣọ tó ya á wọnú ẹran ara lọ, ọgbẹ́ á kẹ̀, dókítà á sì máa fọ̀ ọ́ léraléra. Agbára ìbúgbàù náà tún lè ya awọ ìlù etí, kó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kó mi ọpọlọ. Èyí tó dùn mí jù nìyí: ọmọ ogun lè jáde nínú ọkọ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ lára, kí orí fífọ́, ìgbàgbé àti àìróorunsùn má fi í lọ́rùn sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Wọ́n á ní ara rẹ̀ ti yá. Kò tíì yá.

Nínú méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń tètè pani. Bí ẹnì kejì ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ bá fi okùn ìdáẹ̀jẹ̀dúró di apá tàbí ẹsẹ̀ náà le dáadáa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó fara gbọgbẹ́ náà lè yè kí wọ́n tó gbé e dé Maiduguri, tàbí ilé ìwòsàn ológun 44 ní Kàdúná.