Táǹkì Oníkéèjì 1,000 Lítà fún Ẹja àti Ẹ̀fọ́ Nílé: Ó Tó Rà, Àmọ́ Ẹ Má Jẹ́ Kí Títóbi Rẹ̀ Tàn Yín Jẹ

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, táǹkì oníkéèjì 1,000 lítà la máa ní kó kọ́kọ́ wá. Òun ni táǹkì rọ́bà funfun tí wọ́n fi irin hun yí ká, tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kó òróró, ohun èlò ọṣẹ àti kẹ́míkà. Àlòkù rẹ̀ ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ohun tó fi ju dúrọ́ọ̀mù búlúù lọ ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ń di nǹkan méjì: ẹ gé orí rẹ̀, ẹ yí i padà kí ojú tí ẹ gé wà lókè, ó di bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́, ìsàlẹ̀ tó kù di ilé ẹja. Pọ́ǹpù á máa gbé omi ẹlẹ́gbin lọ sórí òkúta inú bẹ́ẹ̀dì. Bakitéríà ara òkúta á sọ ammonia, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ẹja jáde sínú omi náà, di nitrite, wọ́n á sọ nitrite di nitrate, ẹ̀fọ́ á fi nitrate ṣe oúnjẹ, omi á sì padà sọ́dọ̀ ẹja.

Kí ẹ tó nájà rárá, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi gbé. Èyí tó gbé òróró, oje èso tàbí glycerine ló dára jù. Ti ọṣẹ ṣeé fọ̀, àmọ́ ẹ ó fọ̀ ọ́ títí kò fi ní hó mọ́. Èyí tó gbé oògùn kòkòrò, dísẹ́ẹ̀lì, ásíìdì tàbí àwọ̀ ìpara-aṣọ, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, torí rọ́bà náà máa ń mu kẹ́míkà sára. Bí wọ́n bá ti ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dànù, tí ẹni tó ń tà á sì ń ṣe “ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa”, ẹ kọjá síwájú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á díẹ̀, ẹ ṣí ìdérí òkè, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀: ohun tí omi tútù bò mọ́lẹ̀, ooru á gbé e jáde. Ẹ yí fáàfù ìsàlẹ̀, tó jẹ́ ínǹṣì 2, kí ẹ rí i pé kò lẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Èyí tó jẹ́ pákó kì í pẹ́ jẹrà níta, onírin tàbí onírọ́bà ni kí ẹ mú.

Gígé rẹ̀ kò le. Ẹ fa ìlà yí i ká ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 láti òkè, ẹ fi gíráńdà gé irin, ẹ fi ayùn gé rọ́bà. Ẹ gé irin náà sábẹ́ ọ̀pá ìdábùú kan gan-an, kí ọ̀pá yẹn lè wà létí bẹ́ẹ̀dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkúta á ti rọ́bà wú síta. Ìdérí ńlá òkè ni àléébù táǹkì yìí nídìí iṣẹ́ tiwa. Tí ẹ bá ti yí bẹ́ẹ̀dì padà, ìsàlẹ̀ ló máa wà, rọ́bà inú rẹ̀ kì í sì í di omi mú dáadáa láti ìhà yẹn. Ẹ fi sílíkóònù dí i, èyí tí kò ní oògùn tó ń pa èbu, torí oògùn yẹn ń pa ẹja. Ẹ má sì lu ihò páìpù sára ìdérí. Ibi tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lu, kí ẹ fi tank connector (ìso tó ń mú páìpù mọ́ ara táǹkì) ínǹṣì 1 olówọ́ọ́ṣà rọ́bà sí i.

Bẹ́ẹ̀dì náà gba nǹkan bíi 300 lítà òkúta, ìyẹn kílò 450 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí omi tó tún wọ inú rẹ̀. Ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti da kọnkéré sí, pẹ̀lú pákó 2×4 tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, á gbé e sókè tó kí omi lè fúnra rẹ̀ ṣàn padà sínú táǹkì. Gíráníìtì ínǹṣì 3/4 ni kí ẹ lò. Ẹ da vinegar díẹ̀ sórí ẹ̀kúnwọ́ kan: bó bá hó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, sọ̀kalẹ̀ láé. Ẹ fọ òkúta náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Iyanrìn ò dáa níbí. Kì í pẹ́ dí.

Bell siphon, ìyẹn páìpù tó ń fúnra rẹ̀ fa omi bẹ́ẹ̀dì dànù bó bá ti kún, ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lágara, bẹ́ẹ̀ páìpù mẹ́ta péré ni. Páìpù ínǹṣì 1 tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 dúró lórí ihò. Páìpù ínǹṣì 3 tí wọ́n dé lórí bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gé ojú mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 2. Páìpù ínǹṣì 4 tí wọ́n lu ní ihò kéékèèké ló wà níta, kí òkúta má bàa wọlé. Omi á gun dé sẹ̀ǹtímítà 25, á fà gbùà, á gbẹ dé ìdí, afẹ́fẹ́ á wọlé, á dúró, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun. Bí omi bá kàn ń ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ kọjá tí kò fà, omi tó ń wọlé kéré ni: ẹ ṣí i sí i, tàbí kí ẹ fi ẹ́lúbò—ìyẹn páìpù tó tẹ̀—sí ẹnu ibi tó ń já sí. Bó bá fà tí kò dúró mọ́, omi tó ń wọlé ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Níwọ̀n 600 lítà ní wákàtí kan, ó yẹ kó kún láàárín ìṣẹ́jú 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ojú omi ẹja á máa lọ sókè sódò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ má fòyà.

Pọ́ǹpù tí wọ́n kọ 2,000 lítà sí ò lè gbé 2,000 dé òkè bẹ́ẹ̀dì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ó lè gbé omi ju mítà 2 lọ. Pẹ̀lú iná wa, oní-12 volt tó ń lo bátìrì àti sólà ló bọ́gbọ́n mu. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ẹja àrọ̀ dára ju epìyà lọ fún ìbẹ̀rẹ̀: àrọ̀ lè gun òkè wá mí afẹ́fẹ́ sínú nígbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, epìyà kò lè ṣe é. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo táǹkì, àrọ̀ máa ń fò. Kí gbogbo ọmọ ẹja sì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ńlá á jẹ kékeré.

Ibi tí ojú táǹkì yìí ti ń tanni nìyí. Àwọn kan á wo 600 lítà omi, wọ́n á da ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹja sí i. Bẹ́ẹ̀dì ló ń pinnu iye ẹja, kì í ṣe táǹkì. Ìwọ̀n tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fi lélẹ̀ fún ẹ̀fọ́ eléwé ni gíráàmù 40 sí 50 oúnjẹ ẹja lóòjọ́ fún mítà onígun mẹ́rin kan. Bẹ́ẹ̀dì yìí jẹ́ nǹkan bíi 1.2, torí náà gíráàmù 60 ni òpin rẹ̀. Ogún ẹja tó wọn gíráàmù 150 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 3. Bí wọ́n bá ń jẹ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, gíráàmù 60 náà ti pé. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú ìkòkò, tàbí kí ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kejì kún un.

Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà tó gbilẹ̀. Ẹja díẹ̀ àti oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yẹ ammonia àti nitrite wò. Bí ọ̀kan bá kọjá mg 1 nínú lítà kan, ẹ dá oúnjẹ dúró kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine gbọ́dọ̀ dúró ní gbangba fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ kun ara táǹkì ní ọ̀dà dúdú, kí ẹ fi funfun bò ó, torí oòrùn tó ń wọlé ló ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, pH á máa lọ sílẹ̀. Kó tó kọjá 6, ẹ so ìkarahun ìgbín tí ẹ ti fọ́ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jù ú sínú omi. Bí ewé tuntun bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, irin ló ń wá: gíráàmù 20 iron chelate (ajílẹ̀ irin tó ń yọ́ sínú omi) oní-6% tó fún 600 lítà. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti efinrin ń ṣe dáadáa níbẹ̀; tòmátì lè dúró ná. Ọ̀tàpíàpíà kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́ náà, ẹja ló máa kọ́kọ́ pa.

Ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó má gbé e sí bálíkónì. Bí omi àti òkúta bá pé, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Dúrọ́ọ̀mù búlúù tí wọ́n là sí méjì ló yẹ irú ibẹ̀, pẹ̀lú ẹja márùn-ún péré.