Àyẹ̀wò: Iṣẹ́ owó orí tí àwọn oníṣirò owó ní Ifẹ̀ ń tà fún àwọn ará wa lókè òkun

Ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, àmọ́ tó ń gbé Manchester tàbí Houston, kò ní rìn jìnnà ní Lágere kó tó rí ọ́fíìsì tó máa sọ fún un pé "a máa bá yín bójú tó gbogbo rẹ̀". Ohun tí wọ́n ń tà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra láti Lágere dé Mayfair nínú Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Iléṣà: ìjábọ̀ ọdọọdún fún CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà), ìṣirò owó ọdún, ìjábọ̀ owó orí ilé-iṣẹ́, àti owó orí àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. "Gbogbo rẹ̀" yẹn nìkan ni kì í ṣe òótọ́.

Ti abẹ́lé ni wọ́n mọ̀ dunjú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn odi ló máa ń da CAC pọ̀ mọ́ owó orí, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìjábọ̀ CAC ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọ "inactive", ìyẹn pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, síwájú orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, yálà ẹ jèrè o, ẹ ò jèrè o. Ti owó orí ń lọ sọ́dọ̀ Nigeria Revenue Service, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ FIRS tẹ́lẹ̀, láàárín oṣù mẹ́fà tí ọdún ìṣirò bá parí. Tí ọdún yín bá parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni òpin. Owó orí òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, ó pẹ́ jù, kí ẹ san án ní ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ́fíìsì yìí mọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sórí, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá ní Òṣogbo bí nǹkan bá há. Fún ìyẹn, owó tí wọ́n ń gbà kò pọ̀ jù.

Ẹ wo ibi tí wọ́n bá kọ "ilé-iṣẹ́ kékeré" sí dáadáa. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá tó fi ń ṣiṣẹ́ (fixed assets) kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, 0% ló máa san. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ń san 30% lórí èrè, pẹ̀lú 4% mìíràn fún ìdàgbàsókè. Àwọn kan á wá gbọ́ 0%, wọ́n á jókòó, wọn ò ní fi ìjábọ̀ ránṣẹ́. Ìtanràn ẹni tí kò jábọ̀ jẹ́ ₦100,000 ní oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Àṣìṣe kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé-iṣẹ́ tó ń ta iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú, bíi ti lọ́yà tàbí oníṣirò owó, òfin yọ ọ́ kúrò nínú "kékeré", bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń ta ìmọ̀ràn ẹ̀rọ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa. Ẹ ní kí ọ́fíìsì kọ ìdí tí wọ́n fi pè yín ní kékeré sílẹ̀ lórí ìwé. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó kàn.

Èyí tó wúwo jù kò sí nínú ìwé iye owó wọn rárá. CAMA 2020, òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí òun nìkan náà sì jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ó rọrùn, ẹni tó wà ní Manchester sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ lójú òfin Ìlú Ọba, ibi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ń gbé. Ẹjọ́ De Beers ló fi èyí lélẹ̀ lọ́dún 1906: Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ibẹ̀ ni dáyámọ́ǹdì wà, àmọ́ London ni àṣẹ ti ń wá, ilé ẹjọ́ sì ní London ló ń gbé. Ẹ fi tiyín wé e. Ṣọ́ọ̀bù wà ní Sábó, ọjà kún inú rẹ̀, àmọ́ ta ló ń sọ iye tí wọ́n máa tà á? Ta ló ń fọwọ́ sí gbèsè, ta ló ń gba òṣìṣẹ́? Tó bá jẹ́ orí WhatsApp láti Manchester ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, HMRC, àjọ owó orí Ìlú Ọba, lè ní àwọn náà ní ẹ̀tọ́ sí owó orí rẹ̀: 19% tí èrè kò bá ju £50,000 lọ. Àdéhùn wà láàárín Nàìjíríà àti Ìlú Ọba kí wọ́n má baà gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí èrè kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè fún un ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n sábà máa ń dá ni kí wọ́n fi àbúrò kan ní Ìrẹ̀mọ ṣe olùdarí. Ẹni tó ń pinnu ni HMRC ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Olùdarí tó wà nílé gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá, kí ìwé ìpàdé sì fi hàn pé ó ti sọ ọ́ rí.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá pín èrè fún yín, ó ní láti yọ 10% fún ìjọba Nàìjíríà kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. 0% ti ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ gba rìsíìtì 10% náà lórúkọ ara yín, torí òun lẹ máa fi hàn ní Ìlú Ọba kí wọ́n lè yọ ọ́ nínú tiwọn. Èrè ìpín tó bá ju £500 lọ lọ́dún, wọ́n ń gba owó orí lórí rẹ̀ níbẹ̀, kódà bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ NHS tí wọ́n ti ń yọ owó orí nínú owó oṣù yín. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni òpin ìforúkọsílẹ̀ fún Self Assessment (ìjábọ̀ owó orí tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀), ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ni òpin ìjábọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá pẹ́, ìtanràn £100 ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Amẹ́ríkà kò ní irú àdéhùn owó orí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà. Ẹni tó ní green card tó sì ni ilé-iṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní láti kọ Form 5471, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń jábọ̀ ilé-iṣẹ́ òkè òkun fún ìjọba Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún, èrè wà o, kò sí o. Ìtanràn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti $10,000 fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Tí àpapọ̀ owó inú báǹkì yín lẹ́yìn Amẹ́ríkà bá ju $10,000 lọ ní ọjọ́ kan péré láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ FBAR náà, ìyẹn ìjábọ̀ àkáǹtì báǹkì òkè òkun, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín sì wà lára rẹ̀. Mo ṣì ń retí ọ́fíìsì ní Lágere tó máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó ní green card.

Ẹ gba àwọn ọ́fíìsì Ifẹ̀ yìí fún iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ wá oníṣirò mìíràn níbi tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa fi ìwé ránṣẹ́ síra wọn. Ọdún owó orí Ìlú Ọba ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ti Nàìjíríà sábà ń parí ní oṣù Kejìlá, nítorí náà ẹ béèrè ìṣirò oṣooṣù, kì í ṣe ti ọdún nìkan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tiyín ló wà lórí CAC àti ti owó orí. Bí ó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì ni, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni kóòdù ìwọlé á máa dún lórí fóònù ẹlòmíì.