Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́n tó wá tún ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe: òrùlé dáa gan-an, ògiri ni ká máa sọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń ti ìlú ńlá wá tún ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ṣe nígbà ọlidé, ó yá, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa lábúlé kan lápá Ẹ̀gbá, àwa la gbà wọ́n lálejò, abẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe náà la ṣì ń jókòó sí lọ́jọ́ Sunday, torí náà mi ò ní pọ́n wọn kọjá bó ṣe yẹ, mi ò sì ní bà wọ́n jẹ́. Òrùlé: ìràwọ̀ márùn-ún. Ògiri: méjì, èyí tí mo fún wọn yẹn náà, àánú ni. Ìwà: mẹ́rin. Ẹ má bi mí ní orúkọ ìjọ tí wọ́n ti wá, mi ò ní sọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dàgbà. Ọdún 1846 ni àwọn míṣọ́nárì Townsend àti Crowther wọ Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ni ìyìn rere ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ wọ inú oko, àwọn bàbá wa gbà á, wọ́n sì fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kọ́ ilé Ọlọ́run, ìyẹn amọ̀ pupa tí wọ́n fẹsẹ̀ pò, tí wọ́n ń mọ ní ìpele ìpele, kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri yẹn nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó sì sùn lọ kí ìwàásù tó parí (a ti jí wọn níbẹ̀ rí). Àmọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ yìí máa fi dé, páànù òkè ti dípẹtà tán, bí òjò bá rọ̀ Fíkà á sún kúrò lórí pùlúpítì, àwọn kọ́yà á kó ìwé orin sábẹ́ aṣọ. Ní ti ògiri, ó ti lanu tipẹ́, alángbá sì ti kó wọlé tòun tẹbí.

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ owó yé yín, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Wọ́n kó owó pákó àti páànù wá, wọn ò sì gba owó òógùn wọn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa bọ́ wọn, ẹ máa wá ibi tí wọ́n á sùn (kíláàsì ilé ìwé làwa fún wọn), omi tí wọ́n á fi wẹ̀ ńkọ́, owó kápíńtà àti bíríkìlà ìlú tó máa dúró tì wọ́n ńkọ́. Àwọn ìyá ìjọ wa fi láfún àti ewédú bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà ń wò ó bíi pé ó fẹ́ bù wọ́n jẹ, wọ́n ń béèrè Indomie, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, àwọn kan ti ń yọjú sí kíṣìn láti wo èyí tó kù nínú ìkòkò.

Ó wá kan òrùlé. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú àwọn aṣáájú wọn, ọmọbìnrin kan wà tó kọ́ iṣẹ́ ilé ní poli, òun ló gun àkàbà lọ sókè pẹ̀lú kápíńtà wa, wọ́n ń fi hámà kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n bí agbè wọ́n á sàmì sí i, ikán ti jẹ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn, ìrókò tí àwọn bàbá wa fi sókè ṣì le koko! Igi funfun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi tún un ṣe nígbà kan lẹ́yìn náà ni ikán jẹ tán. Ọmọbìnrin yìí ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìrókò kankan, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ nìkan, kí wọ́n sì fi Solignum, oògùn ikán, kun igi tuntun yíká kó tó dé òkè, pàápàá ẹnu ibi tí wọ́n gé. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù ò rí nǹkan sọ mọ́.

Nígbà tí páànù alumíníọ́ọ̀mù dé láti ọjà, ẹni tó tà á kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ó nípọn tó 0.55 mìlímítà. Ọmọbìnrin yìí yọ kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, láti inú báàgì rẹ̀, ó wọ̀n ọ́, 0.45 ló jẹ́. Ó dá gbogbo ẹ̀ padà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ títí ayé nìyẹn, torí tó bá jẹ́ àwa ni, a ti kàn án mọ́lẹ̀, a ti dúpẹ́. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn tó ń kan ìṣó pé ibi tí páànù ti yọ sókè ni kí wọ́n máa kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà kọjá, kí rọ́bà sì wà lábẹ́ orí ìṣó.

Nǹkan míì tó ṣe tí mi ò lè gbàgbé ni ti àjà. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ti gbé igi láti fọ́ ọ wálẹ̀, ó sáré pariwo mọ́ wọn. Eruku nǹkan yẹn ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú sára èèyàn. Wọ́n fi omi rin ín, wọ́n tú ìṣó rẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìn sí kànga. Kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé ẹ rí ògiri báyìí? Nígbà tí ọmọbìnrin yìí wà lókè, àwọn tó kù nílẹ̀ ní àwọn náà fẹ́ ṣiṣẹ́ tó máa hàn nínú fídíò, ni wọ́n bá po sìmẹ́ǹtì, wọ́n rẹ́ gbogbo ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn fèrèsé. Bàbá bíríkìlà wa sọ fún wọn pé sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í bára wọn gbé. Wọ́n ní “Ẹ má ṣèyọnu bàbá, a ti ṣe é níbòmíì.” Amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u jáde sí afẹ́fẹ́, òun ló fi ń pẹ́. Ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì dí i lẹ́nu, omi tó bá gba ibi tó sán wọlé tàbí tó ti ilẹ̀ gòkè ò ríbi jáde mọ́, amọ̀ inú á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn ò ní mọ̀ torí ìta ń dán. Òjò tó tẹ̀ lé e ló tú àṣírí, ẹ kàn án, ó ń dún gbùgbù, odindi abala kan já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́sìtírì, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rin.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa ará ibí náà ò fẹ́ gbọ́ pé sìmẹ́ǹtì lè ba nǹkan jẹ́, ṣe Ewékorò tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà ò jìnnà sí wa ni, àtọdún 1960 tí ilé-iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni kálukú ti gbà pé kò sí àìsàn ilé tí sìmẹ́ǹtì ò lè wò. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dúró kí Ewékorò tó dé jàre. Báyìí bàbá bíríkìlà ti ń ha á kúrò, ó ń fi amọ̀ pupa tí wọ́n po bọ́tọ̀ àti láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun) mọ́ rẹ́ ẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sanwó ẹ̀.

Fọ́tò ńkọ́? Háà. Ẹnì kan wà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì míṣọ́n, tó gbé hẹ́dì páànù sórí fún kámẹ́rà, ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló gbé e. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwọn tó ṣiṣẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ya fọ́tò lọ. Wọ́n sì mọ́ tónítóní nídìí owó: lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n kó gbogbo rìsíìtì sórí tábìlì níwájú ìjọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ka 2 Ọba orí 12, níbi tí àwọn àlùfáà ti ń gba owó àtúnṣe tí ilé ò sì yí padà, títí wọ́n fi lu ihò sórí àpótí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Tẹ́ ẹ bá máa pè wọ́n, oṣù kẹjọ ni kẹ́ ẹ pè wọ́n, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀. Kí òrùlé kọ́kọ́ parí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀dọ́ náà buwọ́ lù ú, pé tí oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú bá ti ní rárá, rárá ni.

Wọ́n ti kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ padà wá tún ilé agogo ṣe. A ní kí wọ́n máa bọ̀, ọmọbìnrin oníkálípà yẹn ni kí wọ́n fi ṣe olórí, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì sílé.