Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso fún àwa dókítà: ẹ lọ, ẹ má dúró de Part II

Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe residency (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti di consultant, ìyẹn dókítà àgbà onímọ̀ àkànṣe) ní Nàìjíríà ló mọ̀ pé ká tó jókòó fún Part II, ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìṣàkóso àti iṣẹ́ aṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ nítorí ìwé ẹ̀rí nìkan. Wọ́n á buwọ́ lùwé láàárọ̀, wọ́n á jẹ ìrẹsì ọ̀sán, ojú wọn á sì tún padà sórí fóònù. Èyí tí mo lọ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó parí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, torí owó tí à ń san kò kéré, ẹlòmíràn á sì ti ná owó MRTF tiẹ̀ (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ń fún àwa residency) tán kó tó kàn án.

Ibi tó dára jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, matron kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wá kọ́ wa. Wọn ò gbé slide kankan wá. Wọ́n ní ká ṣe bí ẹni pé aago méjì òru ni, pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Wọ́n fi Senior Registrar kan (dókítà tó kù díẹ̀ kó di consultant) ṣe olórí, wọ́n fi àwa yòókù ṣe nọ́ọ̀sì, house officer (dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé) àti porter. Ọ̀gbẹ́ni náà mọṣẹ́, gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe ló ń ké jáde: "Ẹ gún un ní oxytocin! Ẹ wá iṣan méjì! Ẹ sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá!" Matron jẹ́ kó parí, wọ́n wá bi í pé, "Dókítà, ta lẹ rán lọ sí blood bank?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kálukú wa ti rò pé ẹlòmíràn ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan.

Wọ́n ní kó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ẹni tó fẹ́ rán níṣẹ́ ló ń wò, orúkọ rẹ̀ ló ń pè, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà wí kó tó gbéra. Wọ́n tún kọ́ ọ bó ṣe máa bá nọ́ọ̀sì tó dàgbà tó ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìfi àkókò ṣòfò: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ ra ilé-ọmọ, ẹ má dá a dúró àfi tí mo bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró." Ọ̀wọ̀ wà ńbẹ̀, àṣẹ náà sì wà ńbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba call ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, kò sí ọ̀gá kan tó fi mí jókòó kọ́ mi ní èyí rí. Ọ̀sán yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ Dókítà Stella Adadevoh ni wọ́n fi kọ́ wa. Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer, ọkùnrin kan tó ń ṣàìsàn, wọ Èkó láti Làìbéríà. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ni wọ́n bá gbé e lọ sí First Consultants, ilé ìwòsàn aládàáni ní Obáléńdé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pe àìsàn náà. Adadevoh, tó jẹ́ dókítà níbẹ̀, ló fura pé Ebola ni, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní kúrò níbẹ̀, bí àwọn aláṣẹ Làìbéríà ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Òun náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, Sawyer pẹ̀lú, 8 ló kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ wa kò jẹ́ ká yìn ín lásán ká sì máa lọ. Ta ló láṣẹ láti dá aláìsàn dúró ní ilé ìwòsàn aládàáni? Ta lẹ máa kọ́kọ́ pè nínú ìjọba ìpínlẹ̀? Kí lẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rù ń bà láti wọ yàrá náà? A jiyàn títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ wa.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlànà ìṣàkóso 14 ti Henri Fayol, àlàyé Maslow lórí ohun tí ènìyàn nílò, oríṣiríṣi olórí, gbogbo rẹ̀ ni olùkọ́ ń kà lára ògiri. Ẹni tó darí iléeṣẹ́ ìwakùsà ní ilẹ̀ Faransé ni Fayol, ọdún 1916 ló sì tẹ ìlànà náà jáde. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ wa. Ohun tó dùn mí ni pé Ìbàdàn la jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Adéoyè Lámbò. Ní 1954, ní Arò l'Abẹ́òkúta, dókítà yìí ṣètò pé kí àwọn tó ní àrùn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ rò ó wò: kí ẹ gba ará abúlé níyànjú títí tó fi gba ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún sínú ilé rẹ̀! Tí ìyẹn ò bá jẹ́ iṣẹ́ aṣáájú, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ. Lámbò padà di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO.

Àléébù tó tóbi jù lójú mi ni pé dókítà nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn. Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni láti láàbù, kò sí apòògùn láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ìjà NMA (ẹgbẹ́ àwa dókítà) àti JOHESU (ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù) ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn tí a jọ ń jà yìí náà la sì jọ wà lórí aláìsàn kan náà ní òru. Báwo la ṣe máa kọ́ bí a ṣe ń darí wọn, tí a ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí a ń kọ́, tí àwa náà ò sì gbọ́ tẹnu wọn?

Èkejì ni pé wọ́n sáré gba orí ọ̀rọ̀ house officer kọjá. À ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ward round, nígbà tí a bá ń yẹ àwọn aláìsàn wò káàkiri wọ́ọ̀dù, house officer tó rí i pé oògùn tí consultant kọ ti pọ̀ jù fún ọmọ tó ń ṣàìsàn máa ń pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má bàa bú u níwájú gbogbo èèyàn. Ó yẹ kí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan kọ́ àwa tí a wà lókè bí a ṣe ń mú kí house officer yẹn lè sọ̀rọ̀. Láti òru àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti fi òun nìkan sí wọ́ọ̀dù ló ti di olórí. Kí ló dé tó fi di ìgbà tí a bá fẹ́ di consultant kí wọ́n tó kọ́ wa?

Gbọ̀ngàn náà tutù, jẹnẹrétọ̀ kò já wa kulẹ̀, oúnjẹ tó jẹ. Ìwé tí wọ́n pín wúlò ní apá ètò ìnáwó, ìyókù ẹ lè fi sílẹ̀.

Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ residency, ẹ lọ báyìí, nígbà tí ẹ ṣì ní ọdún púpọ̀ láti lò ó. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi àwọn olùṣètò bóyá nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó máa kọ́ni, àti bóyá ìfidánrawò iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, irú èyí tí matron ṣe, wà níbẹ̀. Tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ wá ibòmíràn. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ojúlówó ìwé ẹ̀rí náà, torí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣètò ìdánwò máa béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ fún Part II.