Púùlù onírọ́bà fún ọjọ́ ìbí ọmọdé ní ẹ̀yìnkùlé: ó dára, ṣùgbọ́n ẹ tún ilẹ̀ ṣe ná

Púùlù onígun mẹ́rin tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni mò ń wí, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 262, tó fẹ̀ ní 175, tí ògiri rẹ̀ ga ní 51. Fún ọjọ́ ìbí tí àwọn ọmọ máa fi omi ṣeré, mo fọwọ́ sí i gan-an. Ọmọ 5 tí kò tíì ju ọdún 8 lọ lè wà nínú rẹ̀ pọ̀ láìforí gbárí. Bí àlejò bá jẹ́ 15, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ìṣẹ́jú 20 fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ ló ń ba púùlù yìí jẹ́ ju àwọn ọmọ lọ. Rọ́bà ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Òkúta tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ lè lu ú, torí omi inú rẹ̀ tó kílò 650. Ẹ gbálẹ̀, kí ẹ fọwọ́ pa ibẹ̀ kiri títí ẹ ó fi ṣa gbogbo àfọ́kù ìgò àti kùkùté koríko, kí ẹ tẹ́ tapólì, kí ẹ wá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù lé e. Kó tẹ́jú o! Ẹ fi pákó gígùn lélẹ̀, kí ẹ gbé ìgò róbótó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Ibi tí ìgò bá yí sí ni omi máa rọ́ lọ. Ògiri ibẹ̀ á tẹ̀ síta, ẹ̀yìnkùlé á di ẹrẹ̀ kí ẹ tó gé kéèkì.

Póńpù ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Oníná yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi fẹ́ ẹ tán kí ẹ sì ká wáyà kúrò pátápátá kí omi tó dé ìtòsí. Bí ẹ bá dé ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà tán, ẹ tì í wọnú. Bó bá yọ síta, ẹsẹ̀ ọmọ ló máa ṣí i. Ẹ má fẹ́ ẹ le koko. Oòrùn ọ̀sán ń mú atẹ́gùn inú rẹ̀ wú, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á sì já. Kí àtàǹpàkò yín ṣì lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ da omi sẹ̀ǹtímítà 3 sí i, kí ẹ fọwọ́ na rọ́bà ìdí rẹ̀ láti àárín síta, nítorí bí omi bá ti pọ̀, ibi tó ká jọ kò ní ṣeé nà mọ́. Omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 ti tó. Ìyẹn á gba nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Omi bọ́háòlù tutù; bí ayẹyẹ bá jẹ́ aago kan ọ̀sán, ẹ ti pọn ọ́n sí i ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kí oòrùn lè yá a.

Láti ìgbà yẹn, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í, ẹni tí kò ní bu ìrẹsì, tí kò ní tẹ fóònù. Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lè pa ọmọ kékeré, ọmọ tó ń rì kì í sì í sábà pariwo. Bí iṣẹ́ bá pe ẹni náà, kó kó gbogbo wọn jáde ná.

Ẹ gbé báfù omi síwájú púùlù kí wọ́n máa ṣan ẹsẹ̀ níbẹ̀. Báfù yìí nìkan ni kò jẹ́ kí omi dọ̀tí láàárín wákàtí kan. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tó ń ṣunú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá. Bí ẹ bá rọ omi sínú fèrè onírọ́bà (bàlúùnù) fún wọn láti máa jù, ẹ ṣa gbogbo àjákù rẹ̀ kí ọmọ ọwọ́ má baà gbé e mì.

Àléébù rẹ̀ méjì ni pé ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi sínú páálí fún dídí ibi tó bá lu kéré jù, ihò tí omi ń gbà jáde sì há. Ẹ fi garawa gbọ́n ìdajì rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ tó ṣí ihò náà. Ẹ má jẹ́ kí omi sùn sínú rẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ lábẹ́ ibòji, ẹ fọ́n pọ́dà sí i kó má lẹ̀ mọ́ra, ẹ ká a sínú àpò, kí ẹ sì fi kọ́ ibi tí eku kò lè dé.