Kílíníìkì inú ọgbà ilé iṣẹ́ wa ní Odogúnyàn: ọ̀sán dáa, òru ló kù

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Odogúnyàn, lọ́nà Ìkòròdú sí Ṣágámù. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ka ọjà tí wọ́n sì ń dì í ni mo wà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí owó oṣù wọn ni mo ṣì ń jẹ, àmọ́ ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn á mọ irú ibi tí mò ń sọ: géètì ńlá, tírélà tó dí ojú ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin tó ń wá iṣẹ́ kásúà tí wọ́n ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kílíníìkì tí wọ́n ṣí sínú ọgbà náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ládùúgbò ń bi wá bóyá ó wúlò.

Ó wúlò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Yàrá méjì ni, lẹ́yìn kántíìnì. Bẹ́ǹṣì, òṣùwọ̀n, tábìlì nọ́ọ̀sì àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń to káàdì wa sí ló wà ní ti iwájú. Ti ẹ̀yìn ní ibùsùn kan, fíríìjì kékeré tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì sí, àti ẹ̀rọ omi tó ń yọ omi lóòótọ́. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi kọ́ọ̀pù bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù fọwọ́.) Nọ́ọ̀sì méjì ló ń pín ọ̀sẹ̀ ṣe, dókítà ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ẹ fi aago márùn-ún yẹn sọ́kàn.

Tẹ́lẹ̀, kẹ́mísì iwájú géètì ni dókítà wa. Bí ara bá gbóná, ibà ni. Bí ìdí bá ń dun èèyàn, jẹ́díjẹ́dí ni. Oògùn aláwọ̀ mẹ́rin nínú ọ̀rá kékeré, ó parí. Nọ́ọ̀sì tí a ní báyìí kì í fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà láì jẹ́ pé ó gún un ní ìka, kó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ohun àyẹ̀wò pẹlẹbẹ yẹn, kó sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan tó ń di ẹrù sínú tírélà bá a fà á.

“Nọ́ọ̀sì, ibà ni. Èmi ni mo ni ara mi, mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀jẹ̀ yín náà léèrè.”

Ìlà kan ṣoṣo ló yọ, ìyẹn ni pé kò sí ibà. Nọ́ọ̀sì wá bi í pé omi mélòó ló ti mu láti àárọ̀. Píọ́wọ́tà kan, ní ọ̀sán gangan, lábẹ́ páànù! Ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì fún un, ó ní kó dùbúlẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti ń ṣàwàdà. Síbẹ̀, títí di òní, ahun ló ń pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé ibà wà lára rẹ̀ á gba oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́ fún àgbàlagbà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó jẹun sí i, kó má sì fi ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ni ibi tí wọ́n ti gba oríyìn lọ́wọ́ mi. Wọn kì í fi ìkánjú wọn ìfúnpá. Wàá kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn lára ògiri, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, wàá sì panu mọ́. “Mọ̀mí, ẹ má sọ̀rọ̀ o,” wọ́n á máa sọ fún mi, ìyẹn sì le fún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá dé 140 lórí 90, wọn ò ní já ẹ láyà, wọ́n á ní kó o padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tún un wọ̀n. Ọ̀gá kan wà ní ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ ike, alágbára ọkùnrin, tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ jẹ́ 180 lórí 110. Ó ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Wọ́n wọn èmi náà lójú rẹ̀, kò bàjẹ́. Dókítà kọ lẹ́tà fún un lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì fi í sórí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan lójúmọ́.

Ibi tí kílíníìkì wa ti wúlò nìyí: oògùn yẹn kì í ṣe ti oṣù kan. Ká ní Jẹ́nẹ́rà ni ọkùnrin yìí á máa lọ tò sí lóṣooṣù, á pàdánù odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan nígbà kọ̀ọ̀kan, kó tó di oṣù kẹta á ti jáwọ́, torí kò sì sí ibi tó ń dùn ún. Níbí, kó tó wọ ṣíìfù, ó yà síbẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sí káàdì, ó gba oògùn, ó lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ní owó lọ́wọ́ tí wọn ò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Àwọn abiyamọ náà ń rí yàrá ẹ̀yìn lò láti fún wàrà wọn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun tí a ò ní tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí a lè tì. Ilẹ̀kùn yàrá iwájú, ní tirẹ̀, kì í pa dé tán, ẹni tó ń jẹ ìrẹsì ní kántíìnì lè gbọ́ àìsàn rẹ. Kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ní tiwọn mọ ẹnu pa mọ́. Súpáfáísọ̀ kan wá béèrè ohun tó ń ṣe ọmọbìnrin kan lábẹ́ rẹ̀. Èsì tó gbà ni: “Ọ̀gá, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí tàbí kò lè ṣiṣẹ́, ìyẹn nìkan ni mo lè sọ fún yín.”

Ẹ wá gbọ́ ti òru. Ẹ̀rọ wa kì í sùn, kílíníìkì ló ń sùn. Lóru ọjọ́ kan, ike tó ti yọ́ ta sí ọwọ́ ọmọkùnrin kan ní ìdí ẹ̀rọ. Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, báńdéèjì, òwú àti Dettol ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún, ẹlòmíràn ní ẹyin, ẹnì kẹta ti ń sáré wá epo pupa. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa nígbà ìpàdé àárọ̀ pé omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sì fa ike tó ti lẹ̀ mọ́ ara ya, torí awọ á bá a lọ. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú sábẹ́ ẹ̀rọ omi kántíìnì, ó ń bú mi, mo ń gbọ́. Mọ́tò tó yẹ kó gbé e ti gbé ọ̀gá kan lọ sílé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e dé ilé ìwòsàn.

Kásúà ni ọmọ náà. Kásúà kò ní káàdì ní kílíníìkì wa. Bí wọ́n bá ṣèṣe lọ́sàn-án, wọ́n á di ojú ọgbẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìfúnpá, kò sí oògùn oṣooṣù, wọ́n ní kọ́ńtíráátọ̀ tó kó wọn wá ló ni ìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, súpáfáísọ̀ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa ìwé ìjàǹbá jáde, ó kọ orúkọ ọmọ náà, aago, ẹ̀rọ tó ṣe é, ọwọ́ wo, ta ló rí i. Mo fọwọ́ sí i pé mo rí i.

Ìwé yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa kò yọ kásúà sílẹ̀ nínú ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú náà, lórí ìyẹn, òṣìṣẹ́ sì ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi tó ilé iṣẹ́ létí pé òun ṣèṣe. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ẹnu lásán ni. Ọwọ́ ọmọ náà ti jinná, àpá wà níbẹ̀. Owó àwọn ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń fà lórí rẹ̀. Mo ti ń sọ fún àwọn kásúà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí wọ́n fúnra wọn forúkọ sílẹ̀ ní Ìlera Èkó, tó jẹ́ ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n má dúró de kọ́ńtíráátọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ etí náà kù. Wọ́n fún àwọn tó wà ní ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ ike ní ohun ìdítí, ó dáa, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó yẹ etí wọn wò. Bó o bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní gígùn apá sí ọ tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti tó ohun tó ń ba etí jẹ́. Níbi tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni. Bí ilé iṣẹ́ tiyín bá fẹ́ ṣí ọ̀kan, ẹ bi wọ́n nípa ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, kí ẹ tó béèrè oògùn. Àwọn HR wa ní àwọn ti ń wá nọ́ọ̀sì òru. Ẹni tó bá mọ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ìtamàgà tàbí Ògìjo, tí òru kì í bà lẹ́rù, kó bá mi sọ ọ́.