Àkójọ iṣẹ́ gíráàfù tí mo rà fún JSS 2: ẹ mú máàpù, ẹ fi àwòrán sílẹ̀

Dọ́là mẹ́fà ni wọ́n ń ta á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni káàdì mi kọ̀ ọ́, ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Houston. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé èmi nìkan ló wà nídìí ọmọ ọlọ́mọ ni, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fáìlì ti dé orí WhatsApp mi. Ojú ewé 38 ni, iṣẹ́ mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dá lórí kòódínéètì, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí a fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ìwé gíráàfù: ti àkọ́kọ́, x, ń sọ bí a ó ṣe rìn sí ọ̀tún tàbí òsì, ìkejì, y, ń sọ bí a ó ṣe gòkè tàbí kí a sọ̀ kalẹ̀. Dípò kí ọmọ kàn máa tẹ àmì sórí (3, 5) láìmọ ohun tí ó ń ṣe, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀kan ní kí ọmọ tẹ ìlú dó, òmíràn ní kí ó tọpa ìjì lórí òkun, méjì jẹ́ àwòrán tí a máa ń fi ìlà so àmì pọ̀ kí ó tó hàn, àwọn méjì tó kù jẹ́ ọgbà ẹranko àti ilé oúnjẹ.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ 46 ló wà nínú kíláàsì mi. Ohun tó lé mi dé ìdí rírà ni ìdánwò sáà tó kọjá: mo ní kí wọ́n fi àmì sí (2, 5), ó lé ní ìdajì wọn tó lọ fi sí (5, 2). Mo ti kọrin "x ló ń ṣáájú" títí ohùn fi há mi. Wọ́n mọ orin náà ju èmi lọ. Tí pẹ́ńsù bá kan ìwé, y á tún ṣáájú.

Àwọn iṣẹ́ oníàwòrán ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé wọ́n rọrùn láti tẹ̀, mo sì rò pé ọmọ á fẹ́ràn wọn. Wọ́n fẹ́ràn wọn lóòótọ́. Ìdààmú tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àmì 30 ló wà fún ẹja. Nígbà tí wọ́n dé bí ìkọkànlá, ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn pariwo, "Mà, ẹja ni!" Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún wo nọ́ńbà mọ́. Wọ́n fi ojú inú ya ìrù, wọ́n ya lẹbẹ, wọ́n fi ojú sí i. Nígbà tí mo gbé ìwé wọn wálé láti fún wọn ní máàkì, ẹja tó dára ni mo rí lójú ewé tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àmì kọ̀ọ̀kan wé ìdáhùn, àwọn mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà nínú ìwé àwọn ọmọ bíi mélòó kan. Irú iṣẹ́ yìí máa ń tan olùkọ́ jẹ, ojú ló ń fi gba máàkì.

Ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọmọ náà yí gbogbo nọ́ńbà padà, y ṣáájú x láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà ẹja rẹ̀ kò dùbúlẹ̀, ó fi ìrù dúró bí ẹni tó fẹ́ kí Aláké. Mo bi í pé kí ló ṣe ẹja yìí. Ó ní, "Ó ń fò jáde nínú omi ni, mà." Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Àwòrán kò sọ fún un pé ó ṣì í.

Iṣẹ́ ìtẹ̀lúdó ni mo tún wá gbìyànjú. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ti Amẹ́ríkà ni pátápátá: pápá bésíbọ́ọ̀lù, ilé panápaná, ibi tí a ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín. Mo fi báírò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo ní ìlú tiwa la máa yà. Mo fi òkúta Olúmọ sí àárín, ìyẹn (0, 0), torí pé abẹ́ òkúta náà ni ìlú ti gba orúkọ, ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ mọ ibi tí Olúmọ wà. Àpótí kan dúró fún ìdajì kìlómítà. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni mo pín wọn sí, ìwé kan fún ẹgbẹ́ kan, nítorí pé tí mo bá ní kí n ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo rẹ̀ fún ọmọ 46, owó oṣù mi á bá a lọ.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ti Láfẹ́ńwá wá sílé ìwé sọ pé Aké wà "níwájú". Èyí tó ń ti Adátán wá ní rárá o, Aké wà "lẹ́yìn". Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbé wọn gbà ni wọ́n ń wò, ọ̀tún àti òsì sì ń yí padà bí ẹni náà bá ti yíjú. Mo ti ń kọ́ kòódínéètì láti bí ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì hàn sí mi rí pé ibi tí ìdààmú àwọn ọmọ yìí ti ń wá nìyẹn: nígbà tí mo bá ní "ọ̀tún", ọ̀tún tiwọn ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe ti ìwé. Ni mo bá gbé ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "ìlà oòrùn" sí ọ̀tún pátákó, mo kọ "ìwọ̀ oòrùn" sí òsì. Oòrùn kì í bá ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni ara balẹ̀. Aké bọ́ sí ọ̀tún Olúmọ, odò Ògùn àti Láfẹ́ńwá bọ́ sí òsì, x wọn sì gba àmì máínọ́ọ̀sì. Panṣẹ́kẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Adátán lọ sókè lọ́tùn-ún. Apá òkè lósì ṣófo, gbogbo kíláàsì ń wo ara wọn, àfi ìgbà tí ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè pé, "Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, mà. Ibẹ̀ là ń gbé."

Ẹgbẹ́ kan fẹ́ fi FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, kún un. Ìwé gíráàfù náà kò ju 10 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kìlómítà márùn-ún, Alábàtà sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì jábọ́ kúrò lórí ìwé. Wọ́n ní kí n lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n ronú sí i. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí àpótí kan dúró fún kìlómítà kan àbọ̀. Ẹ̀kọ́ òṣùwọ̀n máàpù tí mo fẹ́ kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn, àwọn ni wọ́n kọ́ ọ fún ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ẹgbẹ́ kan máa rán ẹgbẹ́ kejì níṣẹ́, nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n kọ sórí bébà. Ẹgbẹ́ kẹta rán ẹgbẹ́ kẹrin lọ sí (3, −5), ìyẹn Kútọ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n lọ sí (−5, 3), wọ́n bá ara wọn ní apá Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, ní òdìkejì ìlú. Ẹ̀rín ta. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ bo ojú, ó ní, "Owó ọkọ̀ ti wọgbó." N kò sọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ yẹn kò tún yí nọ́ńbà padà mọ́ títí a fi parí. Nínú ẹja, àṣìṣe máa ń fara pamọ́. Nínú máàpù, ó máa gbé ọ lọ síbi tí wọn kò rán ọ.

Iṣẹ́ ìjì orí òkun náà dára, mo kàn ní láti tún un ṣe. Mo kọ́kọ́ rò pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìjì ńlá tó ń ba Karibíánì àti apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà jẹ́ ló jẹ́ pé láti orí ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ tó bí wọn ti ń gbéra, kí ó tó bọ́ sórí òkun. Nígbà tí mo sọ ìyẹn, wọ́n sún mọ́ tábìlì. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ojú ewé ìlànà ní kí ọmọ ka x ṣáájú, ó sì wá fún wọn ní látítíúdì ṣáájú lọ́ńgítíúdì, bí fóònù ṣe máa ń kọ ọ́. Látítíúdì, tó ń sọ bí ibì kan ṣe lọ sí àríwá tàbí gúúsù tó, ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, y ni; lọ́ńgítíúdì, ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ni x. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Kí n lè fi hàn wọ́n, mo kọ nọ́ńbà ìlú tiwa sójú pátákó bí Google Maps ṣe ń kọ wọ́n: Abẹ́òkúta (7.16, 3.35), Ìlọrin (8.50, 4.55), Àkúrẹ́ (7.25, 5.19). Wọ́n fi wọ́n sórí gíráàfù bẹ́ẹ̀ láìyí i. Ìlọrin bọ́ sí ìlà oòrùn Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ sì gùn ún lórí lọ sí àríwá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé, "Mà, bàbá mi kò lè wa ọkọ̀ yìí délé."

Ọgbà ẹranko àti ilé oúnjẹ, n kò lò wọ́n tán. Ìwà kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú ìtẹ̀lúdó, wọn ò kàn ní nǹkan tí àwọn ọmọ lè bá ara wọn jà sí.

Ẹ̀sùn mi wá kù. Ìdáhùn tó wà ní ojú ewé 27 kọ (4, 2) níbi tó yẹ kó jẹ́ (−4, 2). Mo ti fún ẹgbẹ́ mẹ́ta ní òdo kí n tó rò ó pé báwo ni ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kò jókòó pa pọ̀ ṣe ṣì í bákan náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo kíláàsì, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú ewé kejì sọ ìtàn pé eṣinṣin tó ń rìn lórí àjà ni Descartes, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ń wò nígbà tí ó ronú kan ọ̀nà yìí. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tó ní ẹ̀rí ni pé ọdún 1637 ni ìwé tí ó ti fi áljẹ́bírà yanjú jọ́mẹ́tírì tẹ̀ jáde. Èyí tí mo sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn, wọ́n sì bi mí léèrè eṣinṣin síbẹ̀.

Wọ́n ní ìṣẹ́jú 40 tó fún iṣẹ́ kan. Ìtẹ̀lúdó gba píríọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, GeoGebra, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè fi ya ìwé gíráàfù tiyín kí ẹ sì fi máàpù ìlú yín ṣe iṣẹ́ kan náà láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí mo sanwó fún gan-an ni bí wọ́n ṣe to ìbéèrè inú iṣẹ́ náà, láti orí nọ́ńbà lásán dé orí máínọ́ọ̀sì, n kì bá tí lè to tèmi bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ kan. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á nípa ojú ewé 27, ó dáhùn láàárín ọjọ́ méjì, fáìlì tuntun sì ti ní ìdáhùn tó tọ́. Ti ìwọ̀n bébà ni kò tíì ṣe. Bébà Amẹ́ríkà ló fi tò ó, A4 ni tiwa, nítorí náà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á fún un pọ̀ díẹ̀, àpótí mẹ́wàá tó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 á di 9.7, ọmọ tó ń fi rúlà wọn ibi tó jìnnà á sì máa bá yín jiyàn. Ẹ sọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kí ó yan "Actual size". Etí ìwé máa gé díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó tà á nìkan ló wà níbẹ̀.